Ta Ni Ó Jókòó Ti Ọmọ Nídìí Tẹlifíṣọ̀n?

Ọ̀rọ̀ kan wà lóde tí kò sí ìsọ̀ tí ènìyàn yóò yà sí ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà tí kò ní bá a níbẹ̀, òun náà ni pé tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ti ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Bàbá tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kò ní tíì sọ ọ́ tán tí ìyá kan yóò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí yóò máa ro ẹjọ́ ọmọ tirẹ̀. Èmi kò jiyàn pé nǹkan ń bàjẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa lọ́sẹ̀ yìí ni pé, nígbà tí ọmọ náà ń wo ohun tí ó bà á jẹ́, níbo ni àwa òbí rẹ̀ wà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn láàárín àwa ọ̀rẹ́ ni ìsọ̀ aránṣọ kan ní Òṣogbo. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni aránṣọ náà, ó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ni mo sì máa ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí ọjà bá ti ń tú, a máa ń kóra jọ sórí àga gbọọrọ tí ó wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì tí ń ta àdìrẹ kì í gbẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà náà a máa wá, ìyẹn obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó ku díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, nítorí náà èmi ni wọ́n ń rán lọ ra ẹ̀pà.

Ohun tí a ń sọ níbẹ̀ kò ju ohun tí àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí wọn kò sì tíì di arúgbó, máa ń sọ lọ. Owó ilé-ìwé. Ẹ̀yìn tí ń dunni. Ìyá arúgbó tí ó wà ní Iléṣà tí kò gbà kí a mú òun kúrò nílé ọkọ òun. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ní òun kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ bí òun kò bá fi awò sójú, ó sì ní òun kì í wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, tẹlifíṣọ̀n ni ó ń wo òun. Bí ìròyìn agogo mẹ́sàn-án bá ti ń bẹ̀rẹ̀, oorun ti gbé e lọ lórí àga. Nígbà tí yóò bá fi jí, eré mìíràn ni yóò máa lọ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì ti wọ yàrá lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́.

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aránṣọ, nígbà tí ẹ bá ti sùn lọ, ta ni ó máa ń jókòó tì wọ́n?"

Kí n tó sọ èsì tí ó rí gbà, ó yẹ kí n rán wa létí bí àpótí oníwòrán yìí ti ṣe wọlé tọ̀ wá wá, nítorí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àjèjì ni ó gbé e sá wọ ìlú lóru. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams ni obìnrin tí a kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà náà, South Africa tí ó lówó jù wá lọ kò tíì ní irú rẹ̀. Ọdún 1976 ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ ń bẹ̀rù ohun tí ojú àwọn ènìyàn yóò rí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀kan nínú ìdí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi sọ pé àwọn gbé e kalẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ti kó ọmọ rẹpẹtẹ wọ ilé-ìwé, tíṣà tí ó kọ́ iṣẹ́ dójú àmì kò sì tó. Tẹlifíṣọ̀n ni yóò bá wa gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni wọ́n pè é wá ṣe.

Ta ni ó sì kún inú àpótí náà? Àwọn ará ilé wa ni. Òṣogbo ìgbà náà kún fún àwọn òṣèré tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹgbẹ́ wọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Dúró Ládiípọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962, tí ó gbé eré Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, tí ó sì gbé e dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún kejì rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀. Tíṣà ni àwọn méjèèjì yìí kí eré tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ilé-ìwé, mo sì máa ń sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kò sí ohun tí tíṣà lè dà. Ọ̀yìn Adéjọbí náà wà níbẹ̀, ọmọ bíbí Òṣogbo, tí a bí ní ọdún 1926, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sì ti bá jà láti kékeré. Òun ni ó ni Kóòtù Aṣípa tí wọ́n ń fi hàn láti Ìbàdàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Kóòtù Aṣípa yìí, nítorí pé òun gan-an ni Ọ̀gá Àgbà fi já wa ní koro lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò nínú eré náà, irú ẹjọ́ ilé àti ti àdúgbò tí a ń bá pàdé ní kóòtù ìbílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó wà ní agboolé àwọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pálọ̀ bàbá òun ni ó sì wà. Bí ó bá ti tó àkókò, àwọn ọmọ agboolé yóò ti kún orí ẹní, àwọn àgbà yóò wà lórí àga, àwọn tí kò rí àyè yóò dúró lójú fèrèsé.

Ó ní, "Kí adájọ́ tó dájọ́, bàbá mi yóò ti dá tirẹ̀. Ìyá mi yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá aládùúgbò tí ó wá wò ó yóò gbè sẹ́yìn ìyá mi. Àwa ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú pálọ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu bàbá mi pé ọkùnrin tí ó bá na ìyàwó rẹ̀ kò ní àwíjàre kankan. Kò pè mí jókòó láti sọ ọ́ fún mi o. Tẹlifíṣọ̀n ni ó ń bá wí."

N kò lè gbàgbé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Bàbá náà ń bá tẹlifíṣọ̀n wí, ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí a ti í bá ọmọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ní tààrà. Bí a bá gbìyànjú rẹ̀, yóò dàbí ìwàásù, ọmọ yóò sì ti máa wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣe ohun tí kò dára bá wà lójú wa nínú àwòrán, ahọ́n a tú, ọmọ a sì mọ ibi tí òbí rẹ̀ dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ kò fẹ́ kí Òṣogbo nìkan gba ògo. Ó ní kí a má gbàgbé pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá Sàlá. Òótọ́ ni. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí a bí ní ọdún 1936, ti jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti ṣe kékeré. Ta ni kò rántí agogo ògiri tí ó máa ń so mọ́ ara bí ohun ọ̀ṣọ́, àti awò ojú tí kò ní dígí? Ahun ni ó sábà máa ń ṣe nínú eré, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, orúkọ rẹ̀ ni ìyá yóò fi bá ọmọ tí kò fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní àkàrà wí: "Ṣé Bàbá Sàlá ni ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ẹkún, kò sí pàṣán. Iléṣà ni Bàbá Sàlá kú sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n òun gan-an ni.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jọ di NTA. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, Òṣogbo di olú-ìlú, a sì ní ilé-iṣẹ́ tiwa, OSBC, tí ó wà ní Ilé Awíyé ní Òkè Baálẹ̀. Dẹ̀kódà dé. Fóònù dé. Ní báyìí, kò sí ọjọ́ tí eré Yorùbá tuntun kì í jáde lórí YouTube, àwọn mìíràn nínú wọn sì dára púpọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé eré àtijọ́ nìkan ni ó ní ọgbọ́n nínú, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un rò. Eré kò dín. Àwọn tí ń jókòó pọ̀ wò ó ni ó dín. Àpótí kan tí ó wà ní pálọ̀ ti di márùn-ún nínú àpò, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ti di etí rẹ̀ kí a má baà gbọ́ ohun tí ó ń gbọ́.

Ó wá kan èsì Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ń fi síṣọ́ọ̀sì gé okùn tí kò yẹ ní gígé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá Àgbà, mo ti di òṣómàáló nínú ilé ara mi." Ẹ̀yin náà mọ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri ìlú láyé ijọ́un, tí wọn yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò sì ní dìde àfi bí wọ́n bá gba owó wọn. Ó ní ọ̀pọ̀ òru ni òun ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, tí òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé fóònù jáde kí ó lè sùn. Ọmọ yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ó ku díẹ̀." Nígbà tí ó bá yá, òun tí ó lóṣòó ni oorun yóò gbé lọ.

Ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń kí ènìyàn, ó ń pọn omi, ó sì ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ ẹ̀yìn Arsenal ni òun. Ní ọjọ́ Sunday kan, iná wà, iṣẹ́ kò pọ̀, Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ sì pinnu pé lọ́jọ́ náà òun kò ní sùn. Ó pe ọmọ náà pé kí ó wá bá òun wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀. Ọmọ náà wá, ó jókòó, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Arsenal gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ọmọ kò mira. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí ni ẹgbẹ́ kejì dá a padà. Ọmọ náà fò sókè, ó ké "Ó wọlé!" kí ó tó rántí ẹni tí ó jókòó ti òun.

Bàbá kò sọ nǹkan kan títí eré fi parí. Ó wá bi í pé, "Ìwọ tí o jẹ́ ti Arsenal, kí ni ó dùn mọ́ ọ nínú kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé Arsenal?"

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó rí èsì. Tẹ́tẹ́ ni. Ọmọ náà ti ta á pé Arsenal kò ní borí. Òfin kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti ta á, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò ni ó fi ń ta tirẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń yọ díẹ̀ lórí rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ oṣù méjì, 14,000 náírà, ni ó ti bá a lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí bàbá rò pé ó wà níbi ẹ̀kọ́, ìdí òdì ilé-ìwé kan ni ó máa ń wà, tí ó ń wo bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ ìlú wọn ṣe ń ta.

Ìyá Ìbejì bi í pé, "Ẹ nà án?"

Ó ní, "N kò nà án. Ẹ̀rù ni ó bà mí. Ẹ wò ó, ká ní ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi lójú pópó, ìjà ni ǹ bá bá onítọ̀hún jà. Ayọ̀ tí ó yọ ni mo fi mọ̀. Bí mo bá ti sùn bí mo ti máa ń ṣe, báwo ni ǹ bá ṣe rí i?"

Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, kí ó gba fóònù náà, kí ó tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ní báwo? Orí fóònù ni tíṣà ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí, orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà òun ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ sí, ọmọ náà ni ó sì ń bá òun ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà gbóná díẹ̀. Wọ́n ní kí Tíṣà dá sí i.

Mo ní kí a má purọ́ fún ara wa pé àwọn ọmọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́. Àwọn bàbá wa ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púùlù ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú tí wọn kò lè dé láéláé. Ṣùgbọ́n ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù púùlù wà. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, àdúgbò ti rí i. Ọmọdé tí ó bá yọjú síbẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ tí ó wà ní òdìkejì yóò ti lé e padà kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù wọ inú àpò ọmọ, kò sì sí ẹlẹ́kọ ní òdìkejì. Bí a bá gba fóònù tí a kò sì jókòó tì í, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò lò. Mo sì fi kún un pé bí wọ́n bá ń wá eré tí wọ́n lè jọ wò, kí wọ́n wá Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní ọdún 1982, nípa oníṣòwò tí gbájúẹ̀ lù ní jìbìtì nítorí owó òjijì. Àwọn olè sì ṣe ayédèrú fíìmù náà tà títí tí ẹni tí ó ṣe é fi jẹ gbèsè; ìyẹn pàápàá tó ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di oṣù kejì ọdún 1957, tẹlifíṣọ̀n máa ń dákẹ́ láti agogo mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́, kí àwọn òbí lè ráyè kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sùn. Ní orílẹ̀-èdè Iceland, tí òtútù pọ̀ sí, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba kì í ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ títí di ọdún 1987. Ọ̀gá Àgbà fẹ́ràn ti Iceland yìí gan-an, ó ní kí a lọ sọ fún ìjọba. Ìyá Ìbejì ní kò nílò ìjọba, iná tiwa ti ń ṣe ti Ọjọ́bọ̀, ó sì ń ṣe ti Friday mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì yìí ni ó wá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ti ọmọ ọdún 15 ni ẹ ń sọ. Tèmi kò tíì pé mẹ́ta." Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń wí, ọmọkùnrin kan tí ó máa ń wà lórí ìtì aṣọ ní ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ó má baà sunkún nígbà tí oníbàárà bá wà níbẹ̀, fóònù ni ìyá rẹ̀ ń gbé fún un, eré ọmọdé elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń wò. Ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, gbogbo ọjà ń yìn ín pé kò ní wàhálà. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí fóònù ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, kò tíì pe ìyá, kò tíì pe bàbá.

Nọ́ọ̀sì tí ó rí i ní ibi àyẹ̀wò kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ọmọ náà wò ní ilé ìwòsàn, bóyá ó ń gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín pẹ́ sọ̀rọ̀ ṣe èyí ná, ẹ má ṣe dúró de ẹni tí yóò sọ fún yín pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ sọ̀rọ̀. Etí ọmọ náà pé. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì bi í pé, "Láti àárọ̀ di alẹ́, ta ni ó ń bá a sọ̀rọ̀, tí ó ń dúró kí ó dáhùn?" Ìyá Ìbejì ní òun fẹ́ sọ pé fóònù, ojú sì ti òun.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò yẹ kí a gbé síwájú irú àwòrán wọ̀nyí rárá, àti pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́; bí ó bá dín, ó tún dára jù. Àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀, ìyẹn ìpè tí a ti ń rí ojú ara ẹni. Ìdí rẹ̀ yé mi. Bí bàbá tí ó wà ní London bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, tí ọmọ náà rẹ́rìn-ín, bàbá yóò rẹ́rìn-ín padà. Eré ọmọdé kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ́rìn-ín tàbí ó sunkún, yóò kàn máa lọ ní tirẹ̀ ni.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán kí n tó rí i pé inú ń bí Ìyá Ìbejì. Ó ní, "Tíṣà, o sọ ọ́ dáadáa. Ta ni yóò wá bá mi dá oníbàárà lóhùn? Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń tilẹ̀kùn ìsọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, agogo méjì ọ̀sán ni ẹ ti dé ilé."

N kò lè bá a jiyàn. Agogo méjì kọ́ ni mo ń délé, ṣùgbọ́n ó sàn fún mi jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a sì ń kọ sínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé gbogbo òbí ni ó wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ni a ti í kọ ọ́. Ọlọ́jà kò ní wákàtí mẹ́ta tí yóò fi jókòó. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ní gbogbo ọjọ́, ẹnu náà kò sì dákẹ́ lọ́jà. Ohun tí Ìyá Ìbejì wá ṣe láti ọjọ́ náà ni pé fóònù wà nínú báàgì, àyàfi bí ẹni tí ó ń pè é bá wà lórí rẹ̀. Aṣọ ni ó ń fi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń ká a, yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún un, bí oníbàárà bá ń yọwó, yóò ní, "Ìwọ, ṣé kí n gbà?" Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ náà bá a dá sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn, igbe ọmọ náà lé oníbàárà lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ìtì aṣọ kan, ó ní, "Aró." Gbogbo ìsọ̀ hó yèè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ráhùn títí di òní pé aró ni ó kọ́kọ́ pè, kò pe òun.

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ńkọ́? Ó kó fóònù gbogbo ilé, àti tirẹ̀ pẹ̀lú, sínú agbọ̀n tí ó ń kó bọ́tìnnì sí, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ ni agbọ̀n náà sì ń sùn. Ti tirẹ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà. Ọmọ ọkùnrin náà ń fi ọ̀sán Sátidé gán bọ́tìnnì láti san 14,000 náírà padà. Bàbá rẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Ó sì lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò yẹn nílé, níwájú ìyá rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò sọ fún wa.

Alẹ́ Sunday ni wọ́n fi ṣe ti ìjókòó. Eré kan péré ni, ọmọ kan ni yóò sì yàn án, lọ́sẹ̀ yìí èyí ẹ̀gbọ́n, lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ èyí àbúrò. Ó jẹ́wọ́ fún wa pé ìgbà àkọ́kọ́ kò dùn. Gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tí ó wà níbi òkú, òun náà kò sì mọ ohun tí òun yóò wí, nítorí kì í ṣe adájọ́ Kóòtù Aṣípa.

Ẹni tí ó tú ahọ́n wọn ni ìyá rẹ̀. Ara Màmá kò dá, wọ́n fi ọgbọ́n mú un wá láti Iléṣà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè rí dókítà ní Òṣogbo. Ojú Màmá kò ríran tó mọ́, kò sì sí ẹni tí ó yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀ṣà, pé, "Yèsí rèé?" Bí wọ́n bá sọ fún un, yóò ní kí ni ó wá ṣe níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wá yá owó ni, yóò ní kí wọ́n má yá a, ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí í san gbèsè. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ó tún yá, wọ́n ń bá a jiyàn, ọmọ oní-Arsenal ni ó sì ń pariwo jù, pé ẹni tí Màmá pè ní olè kì í ṣe olè, àwọn tí ó rán an ni olè. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ jókòó, ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ronú.

Ọ̀sẹ̀ méjì Màmá ti di méje. Dókítà ti dá a sílẹ̀ tipẹ́, ẹnì kan kò sì dì í mú, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní padà sí Iléṣà àfi bí òun bá mọ bí eré kan tí wọ́n wò ní oṣù tó kọjá ṣe parí, èyí tí wọ́n kọ "Apá kejì ń bọ̀" sí ìdí rẹ̀. Apá kejì náà kò tíì jáde.